Ẹ Kọ́kọ́ Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ Ná

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan gbé iṣẹ́ wá fún wa. Àwa mẹ́rin péré la jọ ń kọ sọ́fítíwià ní ọ́fíìsì wa nígbà náà, a sì ń wá owó lójú méjèèjì. Wọ́n ní ká ṣe portal kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti lè fi ẹjọ́ olùkọ́ tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ wọ́n lẹ́nu sùn. Inú mi dùn débi pé owó tí mo bù lé iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Mo tiẹ̀ sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Wò ó, nǹkan ti ń yí padà."

Lọ́jọ́ tá a ṣèpàdé, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà mú ìwé kan jáde tí wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sí. Nọ́ńbà matric ẹni tó ń fẹjọ́ sùn, dandan ni. Orúkọ olùkọ́, dandan ni. Ó wá kan ìlà keje: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tẹ ẹ̀sùn rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ̀dà kan lọ bá HOD ẹ̀ka náà nínú ímeèlì lójú ẹsẹ̀. Mo béèrè pé kí nìdí. Wọ́n ní ìlànà ni, kí HOD má bàa sọ pé wọ́n fo òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ HOD gan-an ni wọ́n fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ńkọ́?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ní, "Injiníà, ẹ ti ń ronú jù."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo kọ ìlà kóòdù yẹn, mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́, mo sì gba owó mi. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, èmi náà wà lẹ́yìn nínú fọ́tò ọ̀hún tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, mo wọlé sínú database wọn láti tún nǹkan míì ṣe. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo ṣí wọn pẹ̀lú àyà jíjá. Èmi ni mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́jọ́ tí mò ń dán an wò. Èyí tó gbẹ̀yìn kà pé: "testing abeg." Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí mo gbọ́ tí ẹnì kan láti ilé-ẹ̀kọ́ náà ń sọ níbi àpérò kan pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Ó ní portal wà, ẹnikẹ́ni ò sì fẹjọ́ sùn.

Odo tó wà nínú database mi ló fi ń yangàn.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò gùn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde wá sọ̀rọ̀, tí kò sì kọ́kọ́ gba àṣẹ tí olùkọ́ yẹn ní lórí máàkì ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Orúkọ ló kàn ń gbà sílẹ̀. Àpótí ẹ̀sùn ò tó, hotline ò tó, ìwé òfin aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ò tó. Kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ gbà.

Kọ́kọ́rọ́ wo? Ẹni tí kò bá lọ sí yunifásítì wa lè má mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ yín ní kọ́ọ̀sì, òun ló ń ṣètò ìbéèrè, òun ló ń máàkì test, òun ló ń máàkì ìdánwò, òun ló tún ń kọ èsì sínú ìwé tó máa gbé fún ẹ̀ka. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka á jókòó, wọ́n á buwọ́ lù ú, ó di fákọ́tì, ó di Senate. Nọ́ńbà làwọn tó wà lókè ń rí. Wọn kì í rí ìwé ìdánwò. Olùyẹ̀wò tó ń wá láti ìta, àwọn tó ń ṣe àṣekágbá ló sábà máa ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Bó o bá sì fèlì kọ́ọ̀sì kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, o máa dúró di ọdún tó ń bọ̀ kó o tó tún un kọ. Tó bá wá jẹ́ pé o ti wà ní final year, ó tán: àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ á máa fi fọ́tò káàmpù NYSC sórí status, ìwọ á máa san owó ilé ọdún kan sí i nítorí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ká má tiẹ̀ sọ ti project, tí ìbuwọ́lùwé ẹnì kan ṣoṣo lè mú kó jókòó sórí tábìlì fún oṣù mẹ́rin.

Nítorí náà, ọkùnrin kan pẹ̀lú báírò pupa kan lè gé ọdún kan kúrò nínú ayé ọmọ ọlọ́mọ, kò sì ní ṣe àlàyé ju "kò ṣe dáadáa" lọ. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mi ò tíì rí ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe tó máa fún ẹnì kan ṣoṣo nírú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nínú báńkì, ẹni tó kọ owó kọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ní yunifásítì ńkọ́? Ẹni kan náà ni akáwó, òun náà ni máníjà, òun náà ni auditor.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A fẹ́ràn ká máa fi òwe yìí na àwọn ọmọbìnrin. "Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn?" Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹnì kan tó sọ̀rọ̀.

300 level la wà. Èmi ni class rep. Ọmọ kíláàsì wa kan lọ bá HOD, ó ní olùkọ́ wa kan ń pe òun lálaalẹ́, ó ń dí òun lọ́nà ní ọ́fíìsì, ó sì ti sọ fún òun pé bí òun ò bá wá bá òun ní ibì kan báyìí, òun á rí i. HOD ní òun ò lè gbọ́ ẹnu ẹnì kan dájọ́. Ó ránṣẹ́ pe olùkọ́ náà. Wọ́n fi ìjókòó méjì síbẹ̀ fún àwọn àgbà méjèèjì, ọmọbìnrin náà wà lórí ìdúró. Wọ́n wá ní kí wọ́n pe class rep wá kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo wọlé. HOD ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́: "Ẹni tó bí irú ẹ. Ọ̀rọ̀ rírùn wo lò ń gbé kiri? Kúnlẹ̀, bẹ bàbá ẹ, kí ẹ lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín." Ó wojú mi. Mo rìn sún mọ́ ọn, mo sọ sí i létí pé, "Jọ̀ọ́, kúnlẹ̀, jẹ́ ká lọ."

Ó kúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò sára ògiri, ABS ni wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ìyẹn ni pé kò wá sí ìdánwò. Ọmọ tó jókòó síwájú mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tó yá calculator mi! Mo mọ̀. Mo lè kọ̀wé pé ojú mi ló ṣe. Mi ò kọ nǹkan kan. Èmi náà ní kọ́ọ̀sì ọkùnrin yẹn ní sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀, mo sì mọ ẹni tí báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe extra year. Èmi jáde pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kí n tó kọ èyí, mo pè é lórí fóònù, mo sì ní kó fún mi láyè. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́, ṣùgbọ́n má pè mí ní akọni. Mi ò fẹ́ jẹ́ akọni nígbà yẹn. Mo kàn fẹ́ ṣe ìdánwò mi kí n máa lọ sílé." Mi ò pè é ní akọni.

Ní báyìí, ẹ wo àwọn ẹjọ́ tí gbogbo ayé gbọ́, kẹ́ ẹ sì wo ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, níbi tó ti ń sọ iye ìgbà tóun máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan lò kóun tó fún un ní máàkì. (Mi ò ní dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ti dá a lẹ́nu tó.) Yunifásítì lé ọkùnrin náà níṣẹ́ ní oṣù kẹfà, nígbà tó sì di oṣù kejìlá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Lára ẹ̀sùn tí ICPC fi kàn án ni pé ó pa ọ̀rọ̀ tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn. Olùkọ́ mọ̀ pé àkọsílẹ̀ lágbára. Kí ló ti inú yunifásítì wá nínú gbogbo èyí? Ìjìyà. Ẹ̀rí ńkọ́? Inú fóònù ọmọbìnrin náà ló ti wá. Òun ni ọlọ́pàá ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, BBC Africa Eye gbé fídíò tiwọn jáde. Kiki Mordi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, ní UNILAG àti ní Yunifásítì Ghana. Oníròyìn kan ṣe bí ọmọ ọdún 17 tó ń wá ààyè wọ yunifásítì, kámẹ́rà wà lára rẹ̀, gbogbo wa sì fojú ara wa rí Dókítà Boniface Igbeneghu. UNILAG ní kó lọ rọ́kún nílé lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó wá lé e. Ohun tí gbogbo àgbáyé ti wò lórí YouTube gba ìgbìmọ̀ ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ! Ọmọ tí kò ní kámẹ́rà, tí kò ní BBC, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní, ọdún mélòó ni tiẹ̀ máa gbà? Ta ló sì máa máa máàkì ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń jókòó ìpàdé?

Ti Calabar tún wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin gbé páálí sókè, wọ́n ṣe ìwọ́de. Ta ni wọ́n ń fẹ̀hónú hàn sí? Dean wọn ni, olórí fákọ́tì òfin. Ṣé ẹ rántí ìlà keje tí mo kọ? Ẹ̀dà sí HOD, ẹ̀dà sí àwọn àgbà fákọ́tì. Injiníà ò ronú jù o jàre.

Fóònù, kámẹ́rà, páálí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba ẹnu ọ̀nà tí yunifásítì là sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. ASUU, ẹgbẹ́ tí mo máa ń gbè lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń jà fún owó oṣù, ta ko àbádòfin tí Sẹ́nétọ̀ Ovie Omo-Agege gbé wá lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2016, wọ́n sì tún ta kò ó nígbà tó padà wá. Wọ́n ní yunifásítì ní òfin tiẹ̀, wọ́n ní olùkọ́ nìkan ni wọ́n dójú sọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2020, ẹ̀wọ̀n tó wà nínú rẹ̀ tó ọdún 14, ṣùgbọ́n sáà àwọn aṣòfin yẹn parí ní 2023 láìjẹ́ pé ó di òfin. Yunifásítì ní òfin tiẹ̀ lóòótọ́. Ta ló ń dájọ́ rẹ̀? Olùkọ́ tó ń ṣe àríyá pẹ̀lú olùkọ́, tó ń dìbò fún olùkọ́, tó nílò ìbò olùkọ́ yẹn kó tó lè di Dean. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àwọn míì ní, "Àwọn ọmọbìnrin kan ló ń lọ bá olùkọ́ fúnra wọn." Ó ṣẹlẹ̀ rí, mi ò ní jiyàn. Ta ló ń gba owó oṣù nínú àwọn méjèèjì? Ta ló lè sọ pé "rárá, jáde" tí nǹkan kan ò ní ṣe èsì rẹ̀? Àbádòfin tí mo ń sọ yẹn tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé gbígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà kì í ṣe àwíjàre fún olùkọ́, mo sì rò pé ibẹ̀ ló dára jù nínú rẹ̀.

Èyí tó yẹ ká dá lóhùn dáadáa ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn irọ́. "Ṣé ká kàn ba olùkọ́ lórúkọ jẹ́ nítorí ọmọ tó fèlì ń bínú?" Rárá o. Ìdí gan-an tí mo fi ní kọ́kọ́rọ́ ni ká gbà nìyẹn, mi ò tíì ní kẹ́ ẹ lé ẹnikẹ́ni. Ní ibi iṣẹ́ wa, bí a bá fura pé páswọ́ọ̀dù ẹnì kan ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, a máa kọ́kọ́ ti àkáǹtì náà pa, ì báà jẹ́ ti ọ̀gá pátápátá. Kò sí ẹni tó ń sunkún pé wọ́n pe òun lólè. Lẹ́yìn tí a bá wádìí tán, a ṣí i padà. Bí ẹ̀sùn bá dé lónìí, kí ìwé ìdánwò ọmọ yẹn lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ míì lọ́la, kí wọ́n bo orúkọ rẹ̀, kí nọ́ńbà nìkan hàn. Kí supervisor rẹ̀ yí padà láìjẹ́ pé ó ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹ̀ka. Olùkọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣì ń gba owó rẹ̀, ó ṣì ń kọ́ àwọn tó kù. Bí ọmọ náà bá sì tún fèlì lọ́wọ́ ẹlòmíì, ṣé olùkọ́ ò ti rí ẹ̀rí pé òun ò fi máàkì dúnkookò mọ́ ọn? Olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ máa bèèrè fún èyí.

Ohun kan wà tí àwa tá a ń kọ sọ́fítíwià máa ń sọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, tí mo wá rí i pé ó ń ṣini lọ́nà: pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹjọ́ sùn láìdárúkọ ara rẹ̀. Ó dùn létí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. "Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn test, ó ní kí n dúró." Àwọn mélòó ló ní kí wọ́n dúró lọ́jọ́bọ̀? Olùkọ́ mọ̀ ọ́n kó tó ka ìlà náà tán. Bó pẹ́ bó yá, olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun kó lè dáhùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣe ló yẹ kó jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa mọ orúkọ yẹn, kò ní lè fi orúkọ náà ṣe nǹkan kan mọ́. Ohun kan náà la gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹlẹ́rìí. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi ní 300 level pé kò sí ìwé mi tó máa kọjá lábẹ́ báírò ọkùnrin yẹn mọ́, ó ṣeé ṣe kí n sọ̀rọ̀ nípa calculator mi. Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Ẹni tó ń gba ẹ̀sùn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ẹ̀ka, kí ó má sì jẹ́ ẹni tó nílò ìbò ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ wá agbẹjọ́rò láti ìta. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣí fáìlì yẹn sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ọmọ náà sì lè béèrè pé ta ló ti kà á. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì lèyí fún ẹni tó mọ kóòdù. Kí wọ́n sọ fún un ní ọjọ́ tí wọ́n máa fèsì, kí wọ́n sì fèsì lọ́jọ́ náà.

Bó bá sì ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu, tí wọ́n ti fọwọ́ kan ara ọmọ náà tàbí fipá bá a lò, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ kọ́ ló kàn. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Látọdún 2013 ni Mirabel Centre ti wà ní LASUTH ní Ìkẹjà tí wọ́n ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ní health centre ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́la bóyá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ mọ ibi tó máa darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ kàn béèrè.

Oṣù tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ṣe portal fún kọ̀wé pé hosting wọn ti fẹ́ parí, ká sọ iye tí wọ́n máa san. Mo fèsì pé mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́dún yìí, bí wọ́n bá lè jẹ́ kí n yọ ìlà keje kúrò, kí ẹ̀sùn máa lọ bá ẹni tí kò sí ní ẹ̀ka kankan. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni, mo lè yọ ọ́ kí omi tíì tó hó lórí gáàsì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Wọ́n ní àwọn máa gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn HOD.